Báwo ni vortex inú superconductor ṣe ń gbéra tí kọ́rẹ́ńtì bá dé bá a? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tá a jọ ń ṣe lẹ́sìnì ní Under G ló ni ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè yìí, àwọn tó kù wá látọ̀dọ̀ àwọn tí ò tiẹ̀ ka físíìsì rárá, réwáyà kan wà níbẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ ọ́, mi ò tò ó. Ẹni tó bá ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó fò ó, kó lọ síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá gbogbo vortex ló ń gbéra pọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Kí tiẹ̀ ni superconductor, ẹ̀gbọ́n? Ẹ má ṣàlàyé jù o.

Ohun tó jẹ́ pé tó bá ti tutù kọjá ibì kan, iná á máa gba inú ẹ̀ láìsí ìdènà kankan, òdo pátápátá. Heike Kamerlingh Onnes ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1911 ní ìlú Leiden ní Netherlands, mẹ́kúrì ló fi ṣe é, ó fi helium olómi mú un tutù dé bíi 4.2 kelvin, ìyẹn -269 lórí Celsius tá a mọ̀. Nígbà tó di 1933, Meissner àti Ochsenfeld ní Jámánì tún wá rí i pé ọ̀rọ̀ iná nìkan kọ́, ó tún máa ń lé agbára mágínẹ́ẹ̀tì jáde kúrò nínú ara ẹ̀. Ìyẹn tó fún báyìí.

Vortex wá ńkọ́, níbo ló gbà wọlé?

Oríṣi méjì ni superconductor. Oríṣi kìíní, bí òjé àti mẹ́kúrì, máa ń lé mágínẹ́ẹ̀tì jáde pátá, tí mágínẹ́ẹ̀tì yẹn bá wá lágbára jù ú lọ, ó parí nìyẹn, ó di irin lásán. Oríṣi kejì ló gbọ́n. Tó bá rí i pé agbára náà fẹ́ borí òun, á gbà á wọlé díẹ̀díẹ̀, ní fọ́nrán tín-ín-rín tín-ín-rín tó gba inú ẹ̀ kọjá. Àárín fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, ibi tí ò fẹ̀ ju nanometre mélòó kan lọ (nanometre kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù metre), ti kú, kì í ṣe superconductor mọ́, àmọ́ kọ́rẹ́ńtì kan ń yí i po tí kì í dúró, gbogbo ìyókù ara ẹ̀ sì wà láàyè. Fọ́nrán yẹn pẹ̀lú kọ́rẹ́ńtì tó ń yí i po ni vortex. Abrikosov, ọmọ Soviet, ló fi ìṣirò gbé e jáde ní 1957, wọn ò tètè kà á sí, Nobel ẹ̀ di 2003 kó tó dé.

Iye mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, 2.07 × 10⁻¹⁵ weber ni (weber ni wọ́n fi ń wọn iye mágínẹ́ẹ̀tì), kò sí ààbọ̀ níbẹ̀. Torí ẹ̀, tí mágínẹ́ẹ̀tì bá lágbára sí i, wọn kì í sanra, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ní 1 tesla, ìyẹn òdiwọ̀n bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe lágbára tó, nínú square millimetre kan ṣoṣo, wọ́n ti lé ní 480 mílíọ̀nù, àárín ọ̀kan sí èkejì ò sì ju bíi nanometre 49 lọ.

Ta ló rí wọn? Abí ìṣirò lásán ni?

Wọ́n ti rí wọn tipẹ́. Ní 1967, Essmann àti Träuble ní Stuttgart jẹ́ kí èéfín irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà bà lé orí superconductor tó ti tutù, hóró irin kéékèèké yẹn sì lọ ń kó jọ sí orí vortex kọ̀ọ̀kan torí ibẹ̀ ni mágínẹ́ẹ̀tì ti ń yọ jáde, wọ́n wá fi electron microscope, ẹ̀rọ tó ń fi electron sọ ohun tójú ò lè rí di ńlá, wo ohun tó ṣẹ́ kù: àmì dúdú tóótòòtóó, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aládùúgbò mẹ́fà, tí gbogbo ẹ̀ tò ní onígun mẹ́ta mẹ́ta lọ rẹrẹ. Ó rẹwà, ẹ wá àwòrán ẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ẹ máa rí ibi tí ìtò yẹn ti wọ́, tí ẹnì kan ní aládùúgbò márùn-ún, tí ẹlòmíì ní méje. Ẹ fi ibi tó wọ́ yẹn sọ́kàn, a máa padà sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Kí ló wá ń tì wọ́n nígbà tí mo bá ti kọ́rẹ́ńtì wọlé?

Ẹ mú vortex kan láàárín wáyà pẹlẹbẹ. Kọ́rẹ́ńtì tiẹ̀ ń yí i po. Tiyín wá wọlé láti ìta. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, kọ́rẹ́ńtì méjèèjì ń lọ síbì kan náà, wọ́n á ròpọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kejì wọ́n dojú kọra wọn, wọ́n á dín ara wọn kù. Nǹkan ò wá dọ́gba mọ́, vortex á sì fẹ́ yẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ròpọ̀ yẹn. Lorentz force ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ìṣirò ẹ̀ ò le: ẹ mú iye kọ́rẹ́ńtì tó ń gba inú square metre kan kọjá, ẹ fi 2.07 × 10⁻¹⁵ yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni agbára tó ń ti metre kan vortex. Tí kọ́rẹ́ńtì bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ampere lórí square centimetre, ó máa fún yín ní bíi 2 × 10⁻⁵ newton lórí metre kan.

Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé vortex kì í bá kọ́rẹ́ńtì lọ. Kọ́rẹ́ńtì ń lọ lóòró, vortex ń dá wáyà kọjá ní ìbú, láti etí kan sí etí kejì.

Kó máa lọ náà ńkọ́? Kí ló burú níbẹ̀?

Ó burú gan-an o. Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń rìn máa ń bí fóltéèjì, ohun kan náà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín nìyẹn. Tí vortex bá ń rìn ní metre kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú mágínẹ́ẹ̀tì 1 tesla, fóltì kan ló máa yọ lórí gbogbo metre wáyà. Fóltéèjì wà, kọ́rẹ́ńtì wà, ooru dé nìyẹn. Ẹ gbà pé kọ́rẹ́ńtì jẹ́ 100,000 ampere lórí square centimetre, tí kò tiẹ̀ pọ̀ fún irú wáyà bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé 1,000 wáàtì ló ń jáde nínú cubic centimetre kan. Wáyà tó yẹ kó tutù ní ìwọ̀n helium!

Ìdí tó fi ń gbóná ni pé àárín vortex tó ti kú yẹn kún fún electron lásán tí wọ́n ń forí gbárí bíi ti inú bàbà. Bardeen àti Stephen ṣe ìṣirò ẹ̀ ní 1965: tí kò bá sí ohunkóhun tó dá vortex dúró, ìdènà wáyà náà á jẹ́ ìdènà ìgbà tó wà ní irin lásán, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi mágínẹ́ẹ̀tì tó lè pa superconductor náà pátápátá pín in. Ìyẹn ni pé superconductor tí vortex ẹ̀ ń rìn fàlàlà kò yàtọ̀ sí wáyà tó ní ìdènà. Orúkọ lásán ló ní.

Ẹ wá ń sọ pé kò sí superconductor tó wúlò nìyẹn?

Ó wà, àmọ́ ìdọ̀tí ló ń gbà á là. Mi ò fi ṣeré. Apá yìí ni wọ́n máa ń sáré kọjá nínú kíláàsì, èmi sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Dídá àárín vortex yẹn ní owó tó ń náni, agbára ni mo pè lówó, torí pé ẹ ní láti pa superconductor níbẹ̀. Tí vortex bá wá rí ibì kan tó ti kú tẹ́lẹ̀, bóyá nǹkan àjèjì wà níbẹ̀, bóyá átọ̀ọ̀mù sọnù, bóyá ibi tí hóró irin méjì ti pàdé ni, á jókòó síbẹ̀, kò ní sanwó mọ́. Láti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kọ́rẹ́ńtì yín ní láti tì í kọjá owó tó fi pamọ́ níbẹ̀ yẹn. Òun ni wọ́n ń pè ní pinning.

Àwọn tó ń ṣe wáyà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn fi àbùkù sí i. Nínú niobium-titanium tó wà nínú ọ̀pọ̀ MRI, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn, wọ́n máa ń yan wáyà náà nínú iná, wọ́n á tún fà á, wọ́n á tún yan án, títí àwọn ègé titanium kéékèèké á fi yọ sínú ẹ̀ tí wọ́n á sì fẹ́lẹ́ dé nanometre mélòó kan. Nínú Nb₃Sn, ìyẹn niobium pẹ̀lú tin, ààlà láàárín hóró kan sí èkejì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nínú YBCO, superconductor tí wọ́n fi yttrium, barium, bàbà àti oxygen ṣe, wọ́n máa ń dá barium zirconate pọ̀ mọ́ ọn, á sì dúró bí òpó tóótòòtóó nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra superconductor tó mọ́ jù láyé láti fi ṣe mágínẹ́ẹ̀tì ńlá, ó fẹ́ fowó ẹ̀ ṣòfò ni.

Ó dáa, tí kọ́rẹ́ńtì bá wá tó láti yọ wọ́n, ṣé gbogbo wọn ló ń gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Rárá o! Ìwé ìpìlẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ya ìlà kan tó dúró lórí òdo, tó bá dé ibì kan á yọrí sókè, wọ́n á kọ "critical current" síbẹ̀, ìyẹn iye kọ́rẹ́ńtì tí vortex ti ń gbéra, gbogbo ẹni tó bá rí i á rò pé ẹnì kan fun fèrè tí gbogbo wọn sì dìde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn vortex náà ń ti ara wọn, wọn kì í fẹ́ kí ẹlòmíì sún mọ́ wọn, torí ẹ̀ ọ̀kan ò lè dá rìn kó má kan aládùúgbò ẹ̀. Àwọn kan jókòó sínú àbùkù tó jin, àwọn kan ò jókòó sínú ohunkóhun, àwọn aládùúgbò wọn nìkan ló há wọn mọ́. Nígbà tí kọ́rẹ́ńtì bá ń ga, àwọn tí wọ́n kàn há yìí ló kọ́kọ́ ń yọ̀, pàápàá níbi tí ìtò wọn ti wọ́, ibi aládùúgbò márùn-ún àti méje tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ibẹ̀ ni ìtò náà ti rọ̀ jù. Wọ́n á wá ọ̀nà tóóró kan gbà láàárín àwọn tó dì pa.

Ẹ rántí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí tírélà bá dábùú. Àwọn tírélà ò mira, àwọn ọlọ́kadà ti ń gba àárín wọn sá lọ ní tiwọn, ojú ọ̀nà kan náà tí ọlọ́kadà àkọ́kọ́ gbà ni gbogbo wọn ń gbà. Ẹni tó bá wo ọ̀nà yẹn látòkè, ṣé ó máa sọ pé ọkọ̀ ń rìn ni àbí wọ́n dúró? Méjèèjì ni. Bí vortex ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: odò tóóró mélòó kan ń ṣàn, ìyókù dúró gbagidi, fóltéèjì tẹ́ ẹ sì máa kà kéré gan-an, ó sì máa ń ta gìrì, torí pé odò kan lè dí kí òmíràn ṣí. Tẹ́ ẹ bá fi kún kọ́rẹ́ńtì, odò á pọ̀ sí i, á ya ẹ̀ka, á pàdé ara wọn, títí àwọn tó dì pa náà á fi tú sílẹ̀.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí: tí kọ́rẹ́ńtì bá wá ga jìnnà ju ìyẹn lọ, tí gbogbo wọn ti ń sáré, wọ́n á tún padà tò dáadáa! Eré wọn ti pọ̀ débi pé wọn ò ráàyè dúró gbọ́ ti àbùkù mọ́, onígun mẹ́ta yẹn á sì padà bọ̀ sípò. Bhattacharya àti Higgins wọ̀n ọ́n nínú superconductor kan tó ń jẹ́ NbSe₂ lọ́dún 1993, Koshelev àti Vinokur gbé ìṣirò ẹ̀ jáde ní 1994. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí wọn níbi tí wọ́n ti ń rìn, àwọn Akira Tonomura ní Hitachi ní Japan fi electron microscope ya fídíò wọn nínú niobium ní 1992.

Ibo ni wọ́n ti ń wọlé? Àárín ni àbí etí?

Etí. Tí ẹ ò bá tiẹ̀ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kankan sún mọ́ wáyà, kọ́rẹ́ńtì fúnra ẹ̀ ní mágínẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, ó sì le jù létí. Nínú wáyà pẹlẹbẹ, àwọn kan á wọlé láti apá ọ̀tún, àwọn tó yí sódì á wọlé láti apá òsì, wọ́n á pàdé láàárín, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, àwọn mìíràn á tún wọlé. Etí náà ní ìdènà tiẹ̀ o, Bean àti Livingston ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1964, torí náà wáyà tí etí ẹ̀ ṣá tàbí tí wọ́n gé lọ́nà jákujàku máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè wọlé níbi tó ti ṣá yẹn.

Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ní láàbù pé wọ́n ti gbéra?

Wáyà mẹ́rin lẹ máa so mọ́ ọn. Méjì lódìkejì ara wọn ń gbé kọ́rẹ́ńtì, méjì tó wà nínú ń ka fóltéèjì nìkan, kí ìdènà ojú ìsopọ̀ má baà dà á rú. Ẹ máa fi kún kọ́rẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, mítà á kàn máa yí láàárín nanovolt mélòó kan tó jẹ́ ariwo lásán. Lẹ́yìn náà, ariwo yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ò ní padà sí òdo mọ́, á fò sókè, á sọ̀, á tún fò. Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé wáyà ò kàn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi díẹ̀ kún un, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ibo wá ni ẹ máa sọ pé ó ti gbéra? Àdéhùn ni jàre. Wọ́n ti fẹnu kò pé ibi tí fóltéèjì bá ti dé microvolt kan lórí centimetre kan, ibẹ̀ ni critical current wà. Ẹlòmíì ń lo ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀. Bí fóltéèjì ṣe ń sáré lẹ́yìn ibẹ̀, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ n wọ̀n ọ́n. Tí n bá jẹ́ 30, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún kọ́rẹ́ńtì, fóltéèjì á di ìlọ́po 17. Tí n bá kéré, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń gbéra ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ibì kan yá, ibì kan ò yá, wáyà náà ò dọ́gba.

Ṣé wọ́n lè rìn láìjẹ́ pé kọ́rẹ́ńtì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ooru nìkan lè gbọ̀n wọ́n jáde, ẹyọ kan níbí, ìdì kan lọ́hùn-ún. Creep lorúkọ ẹ̀, Anderson ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1962. Ó máa ń lọ́ra: ohun tó bá sọnù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kìíní sí ìkẹwàá, iye kan náà ló máa sọnù láàárín ìkẹwàá sí ọgọ́rùn-ún, àti ọgọ́rùn-ún sí ẹgbẹ̀rún. Nínú niobium-titanium ní 4 kelvin, kò tó nǹkan. Nínú YBCO ní 77 kelvin, wàhálà ńlá ni, torí ooru pọ̀ sí i, àárín vortex ibẹ̀ sì kéré gan-an.

Ẹ̀gbọ́n, réwáyà ni mí ní Tákié. Irú wáyà yìí ò lè gbé iná wá fún wa?

Wọ́n ti dán an wò. Ní Essen ní Jámánì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ẹ̀ kan lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dún 2014, nǹkan bíi kìlómítà kan, 10,000 fóltì, ó lè gbé 40 megawatt. Nitrogen olómi ni wọ́n fi mú un tutù. Àmọ́ iná tiwa náà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 hertz, ń mú vortex wọlé, ó ń lé wọn jáde, léraléra, wọ́n sì ń gbóná díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí kọ́rẹ́ńtì ò tiẹ̀ tíì dé critical. Ẹ máa wá iná tẹ́ ẹ máa fi lé ooru yẹn jáde. Bí iná bá wá lọ, kí ló máa mú nitrogen yẹn tutù? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ní iná tó ń dúró ná.

Wọ́n ní kí n lọ ṣe MRI n'Ìbàdàn. Ṣé nǹkan yìí ò ní bú gbàmù lára mi?

Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti fi kọ́rẹ́ńtì sínú wáyà yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n so orí mọ́ ìdí, ó ń yípo láìsí pé iná kankan ń tì í, ó sì jìnnà sí ibi tí vortex ti máa gbéra. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀, tó sì ṣọ̀wọ́n, ni pé ibì kékeré kan gbóná, vortex ibẹ̀ tú, ìyẹn tún dá ooru sí i, ooru yẹn tún tú àwọn mìíràn, títí mágínẹ́ẹ̀tì á fi kú. Quench ni wọ́n ń pè é. Lítà kan helium olómi á di gáàsì tó ju 700 lítà lọ, ìdí nìyẹn tí páìpù ńlá fi wà tó ń gbé e jáde síta. Nítorí irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín wáyà sí fọ́nrán kéékèèké nínú bàbà, ti LHC, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbá ègé átọ̀ọ̀mù mọ́ra wọn ní Geneva, ò nípọn ju micrometre mẹ́fà sí méje lọ, kí vortex tó tú níbì kan má baà rí àyè ya lọ síbi gbogbo.

Ṣé mo lè fojú ara mi rí i níbí?

Ẹ lè rí iṣẹ́ wọn. Ẹ wá àwo YBCO kékeré kan, wọ́n ń tà á, á di superconductor ní bíi 92 kelvin, nitrogen olómi tó wà ní 77 sì tó o. Àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀ màlúù ló sábà máa ń ní nitrogen yẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bojú, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé torí ó ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò nínú yàrá, ẹ má sì dé ìgò ẹ̀ pa o, ó máa bẹ́.

Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré sórí àwo náà, ẹ fi ègé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn, kẹ́ ẹ tó da nitrogen sí i. Tó bá tutù tán, ẹ yọ pátákó. Mágínẹ́ẹ̀tì á dúró lófuurufú. Ẹ fi ìka tì í díẹ̀, á padà sáyè ẹ̀, torí vortex dì pa. Ẹ wá tì í gan-an, pẹ̀lú agbára. Ó máa lọ, ó sì máa dúró síbi tuntun tẹ́ ẹ tì í dé, kò ní padà mọ́. Kọ́rẹ́ńtì tí ìka yín dá sínú àwo yẹn ló kọjá ohun tí àbùkù lè dì mú, vortex sì ti ṣí lọ síbòmíì.